Kébù ni kó gbé e dé yàrá: bí a ṣe ń to íntánẹ́ẹ̀tì sínú agbo ilé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó ní kí n wá bá òun bá àwọn tó ta íntánẹ́ẹ̀tì fún òun wíjọ́, pé oṣooṣù lòún ń sanwó àmọ́ ọmọ òun ò lè wo fídíò ẹ̀kọ́ kan parí nínú yàrá ẹ̀yìn, ṣe ló máa ń yí bírí lójú kan. Mo dìde ní Kétu mo lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ nígbà tí mo débẹ̀, mo kàn gbé kọ̀ǹpútà mi ti ráútà (àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé), mo fi kébù kékeré so àwọn méjèèjì pọ̀, ni gbogbo nǹkan bá ń ṣí wéré. Íntánẹ́ẹ̀tì ń dé ilé wọn pérépéré, inú ilé ló ti ń kú. Ilé tí bàbá wa àgbà kọ́ ni, ògiri amọ̀ ni, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, páànù ló wà lókè, ráútà wá wà ní pálọ̀ iwájú lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ọmọ wà ní yàrá kẹrin lódìkejì àgbàlá. Báwo ni wáìfáì ṣe fẹ́ débẹ̀?

Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa nílẹ̀ Benin, ní Àjàṣẹ́ o, ní Kétu o, ní Sábẹ o, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ eléyìí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání látìbẹ̀rẹ̀ ni pé kébù ni kó gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé yàrá, kí wáìfáì wá pín in nínú yàrá náà. Ẹ má rán wáìfáì níṣẹ́ kébù.

Ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ mú bébà àti bíìrò, ẹ rìn yí ilé ká, kẹ́ ẹ ya yàrá kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kẹ́ ẹ sàmì sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, ibi tí ẹnu iná wà, àti ibi tí ògiri ti nípọn jù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pín àwọn nǹkan yín sọ́nà méjì: ohun tí kì í kúrò lójú kan, bíi tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìyẹn kébù ló tọ́ sí wọn. Ohun tí à ń gbé kiri, fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, àwọn ló ni wáìfáì. Tẹ́ ẹ bá yọ tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo kúrò lórí wáìfáì, ẹ máa rí i pé fóònù tó kù nínú ilé á mí, torí pé atẹ́gùn kan náà ni gbogbo wọn jọ ń pín lò, bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ àwọn yòókù á dúró dè é ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ògiri, torí ibẹ̀ ni gidi ọ̀rọ̀ wà. Wáìfáì ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ ráútà, 2.4 GHz àti 5 GHz. 2.4 ń rìn jìnnà, ó máa ń gbìyànjú la ògiri kọjá, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yára, gbogbo aládùúgbò yín ló sì wà lórí ẹ̀. 5 yára gan-an ni, àmọ́ ògiri amọ̀ kan péré ti tó láti rẹ̀ ẹ́. Irin ń dá a padà (páànù, ilẹ̀kùn irin, fíríìjì), omi ń mu ún, nítorí náà dúrọ́ọ̀mù omi tó kún tó wà láàárín yín àti ráútà, ògiri kejì ni. Ògiri amọ̀ tí òjò ti rin tún burú ju èyí tó gbẹ lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ti kíyè sí i pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń sàn díẹ̀, kò kàn mọ ìdí ni.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ mọ ibi tó ti ń wọlé dáadáa. Tó bá jẹ́ fíbà ni, okùn tín-ín-rín bíi òwú ló ń wọlé, gíláàsì ló wà nínú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé, ẹ má ká a mọ́ra bíi okùn aṣọ, ẹ má fi ìdí àga tẹ̀ ẹ́. Lára àpótí kékeré tó ń gbà á, ẹ wá iná tí wọ́n kọ PON sí, ó yẹ kó dúró gbọnyin láì ṣẹ́jú. Tí iná LOS bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn, kò sí pípa àti títàn tó lè wò ó sàn, àwọn tó ni fíbà lẹ máa pè. Ẹ má yọ orí okùn yẹn kẹ́ ẹ fi ojú wò ó o! Ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ ò hàn sí ojú èèyàn, àmọ́ ó lè ba ojú jẹ́, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé.

Tó bá jẹ́ ráútà oní-SIM lẹ ń lò, ti MTN ni o, Moov ni o, Celtiis ni o, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, torí òun fúnra ẹ̀ ní láti rí òpó fóònù wọn. Ẹ gbé e rìn láti fèrèsé dé fèrèsé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta lójú kan kẹ́ ẹ tó wò ó. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀ kẹ́ ẹ wá nǹkan tí wọ́n ń pè ní RSRP, òun ló ń sọ bí agbára òpó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tó, nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni: tó bá wà ní nǹkan bíi -80 ó dáa púpọ̀, -100 ṣe é fara mọ́, tó bá ti kọjá -110 lọ ìyà ni. Ẹ̀yin ará Sábẹ, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn òkè àpáta yín, ilé méjì tí kò jìnnà síra wọn lè yàtọ̀ pátápátá torí pé àpáta dínà láàárín ọ̀kan àti òpó, nítorí náà ẹ má fi ti ẹni kejì ṣe ìwọ̀n. Fèrèsé tó kọjú sí òpó ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ó dájú ju àárín ilé lọ, kẹ́ ẹ wá fi kébù gbé e láti fèrèsé yẹn wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ọjà. Ohun tẹ́ ẹ máa rà ni kébù Cat5e tàbí Cat6, orí kébù tí wọ́n ń pè ní RJ45 (ẹ rà á kó lé, díẹ̀ á bàjẹ́ lọ́wọ́ yín), ẹ̀mú tí wọ́n fi ń tẹ orí náà mọ́ ọn, ẹ̀rọ kékeré tó ń dán an wò, àti switch (àpótí tó ń pín kébù kan sí púpọ̀) olójú márùn-ún tàbí mẹ́jọ tí nǹkan oníkébù bá ju ojú tó wà lẹ́yìn ráútà lọ. Cat5e tó fún ilé, ó ń gbé 1000 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín mítà 100, ẹni tó bá lówó ẹ̀ kó ra Cat6. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ rèé: kébù kan wà tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kun lára, wọ́n máa ń kọ CCA sí i, nígbà míì wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́. Kó tó di pé ẹ sanwó, ní ọjà Ouando ni o, ní ọjà Dantokpa ni o, ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù fún yín ní orí ẹ̀ díẹ̀, ẹ fi abẹ ha okùn inú kan. Tó bá pọ́n dé inú, bàbà ni. Tó bá funfun lábẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ó máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú, ó máa ń dá tí wọ́n bá ká a, orí ẹ̀ sì máa ń dógùn-ún lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, gbígbà á kọjá. Tiwa ní Àjàṣẹ́, abẹ́ òrùlé la gbé e gbà yí àgbàlá ká, nínú páìpù rọ́bà, torí eku. Eku ilé àtijọ́ máa ń jẹ kébù bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ẹ má gbé kébù íntánẹ́ẹ̀tì àti wáyà iná sínú páìpù kan náà, ẹ fi àyè tó ìbú ọwọ́ méjì sí àárín wọn, tí wọ́n bá fẹ́ pàdé kí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú, kí wọ́n má rìn pọ̀ lọ gbọọrọ. Ẹ má ká a kó dá, igun ni kẹ́ ẹ fi rọra yí i. Ibi tí oòrùn ti ń pa á, kébù dúdú tí wọ́n ṣe fún ìta gbangba ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó jẹ́ ti inú ilé máa là lára láàárín ọdún bíi mélòó kan. Ògiri amọ̀, ẹ má fi òòlù àti ìṣó gbá a, á ya, irin ìlùhò gígùn ni kẹ́ ẹ fi lu ihò ẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ihò náà tẹ̀ díẹ̀ síta kí omi òjò má baà ṣàn wọlé.

Tó bá jẹ́ ilé méjì tó dá dúró ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na kébù bàbà láàárín wọn lókè gbangba. Ní Kétu níbí, ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ààrá sán lálẹ́ ọjọ́ kan, kò tiẹ̀ bọ́ sórí ilé wa, àmọ́ kébù tí mo ta láti ilé iwájú dé ilé ẹ̀yìn lórí igi máńgòrò ló gbà á wọlé, ó jó switch, ó jó ráútà, ó jó tẹlifíṣọ̀n ìyá mi mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí torí owó tí ìyá mi tù jọ fún ọjọ́ pípẹ́ ni. Láàárín ilé méjì, fíbà ni kẹ́ ẹ lò (gíláàsì kì í gbé iná), àpótí kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà sí kébù ti tó, tàbí kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ wáìfáì ìta méjì tó ń kọjú síra wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni títẹ orí kébù, ibí yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ bó awọ òde kúrò tó ìka ọwọ́ méjì, ẹ máa rí okùn mẹ́jọ, méjì méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀. Ẹ tú wọn, ẹ nà wọ́n, ẹ tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún báyìí: funfun oní-ìlà ọsàn, àwọ̀ ọsàn, funfun oní-ìlà ewé, búlúù, funfun oní-ìlà búlúù, àwọ̀ ewé, funfun oní-ìlà màrọ́ọ̀nù (búráùn), màrọ́ọ̀nù. Ẹ fi ẹ̀mú gé orí wọn kó dọ́gba, ẹ di RJ45 mú kí ahọ́n ẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí bàbà ẹ̀ wà lókè, kí ihò ẹ̀ kọjú sí yín, òsì ni nọ́ńbà kìíní wà. Ẹ tì wọ́n wọlé títí wọ́n á fi kan iwájú, kẹ́ ẹ rí i pé awọ òde náà wọlé díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe orí kejì.

Ẹ wò ó, ẹ kíyè sí i pé àwọ̀ ewé ò wà nítòsí ìkejì ẹ̀, búlúù wọ àárín wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é láyé mi mo rò pé àṣìṣe ìwé ni, mo wá tò ó bó ṣe jọ mí lójú, ọsàn pẹ̀lú ọsàn, ewé pẹ̀lú ewé, búlúù pẹ̀lú búlúù, orí méjèèjì bákan náà. Ẹ̀rọ tó ń dán an wò tan iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ létòlétò, inú mi dùn, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ségesège, ó ń lọ ó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lílọ́ tí wọ́n lọ́ okùn méjì pọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló ń pa ariwo tí okùn kan ń pa sí ìkejì lára. Ẹ̀rọ ń retí pé kí ojú 3 àti ojú 6 jẹ́ ìbejì kan náà, tèmi wá jẹ́ ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ariwo wọlé. Ẹ̀rọ ìdánwò olówó pọ́ọ́kú ò lè rí ìyẹn, pé iná kọjá nìkan ló mọ̀. Torí náà ẹ tẹ̀lé ètò àwọ̀ yẹn gẹ́lẹ́, ẹ má sì tú lílọ́ wọn ju bíi mìlímítà 13 lọ létí orí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà, síso pọ̀, èyí ò le. Kébù tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ta íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ ojú WAN ráútà (àwọ̀ ẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀), kébù tó ń lọ sí yàrá ń jáde lójú LAN, tí ojú ò bá tó switch ni kẹ́ ẹ ki sí ọ̀kan nínú LAN. Ẹ kàn má ṣe ki orí méjèèjì kébù kan sínú switch kan náà, gbogbo ilé ló máa kú, ọmọdé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí wọ́n rí ihò òfìfo.

Ní yàrá ẹ̀yìn ọ̀hún, a ní ráútà àtijọ́ kan nílé tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, òun la fi pín wáìfáì níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ dá a so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wọ inú ètò ẹ̀. Tó bá ní AP mode (èyí tó ń sọ ọ́ di apín-wáìfáì lásán), ẹ yàn án, ó parí. Tí kò bá ní, ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ padà kó má bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ká ní àkọ́kọ́ jẹ́ 192.168.1.1, kẹ́ ẹ sọ èyí di 192.168.1.2, ẹ wá pa DHCP ẹ̀ (ètò tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà), torí ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa pín nọ́ńbà nínú ilé, tí wọ́n bá di méjì ìjà dé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ so LAN ti àkọ́kọ́ mọ́ LAN tiẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú WAN ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Orúkọ wáìfáì kan náà, kóòdù kan náà, kí fóònù máa bọ́ láti ọ̀kan sí ìkejì bẹ́ ẹ ṣe ń rìn. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tó ń tún wáìfáì pín láì sí kébù. Ó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, àmọ́ ohun tí òun náà bá rí gbà ló máa pín, tẹ́ ẹ bá gbé e sí yàrá tí wáìfáì ò dé, kí ló fẹ́ pín?

Ìgbésẹ̀ keje, ètò inú ráútà àkọ́kọ́. Àdírẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sínú bíráúsà wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, tàbí 192.168.8.1 fún àwọn oní-SIM kan. Ohun àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ kóòdù tí wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀, torí admin ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 láti dáàbò bo wáìfáì, ẹ má lo WEP láé (ààbò àtijọ́ ni), ẹ pa WPS (ètò ìsopọ̀ láì tẹ kóòdù). Kóòdù wáìfáì, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ṣe é, láì fi àmì ohùn sí i kó lè rọrùn lórí fóònù, ó le láti mọ̀, ó rọrùn láti rántí, ẹ má fi orúkọ ọmọ tàbí nọ́ńbà fóònù ṣe é. Fún 2.4, ikanni 1, 6 àti 11 ni kò fi bẹ́ẹ̀ wọnú ara wọn, ẹ fi ráútà kan sí 1, ìkejì sí 6 tàbí 11, kí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 20 MHz. Ẹ ṣí wáìfáì àlejò lọ́tọ̀ bó bá wà, torí nílé wa àlejò kì í tán, kò sì yẹ ká fi kóòdù gbogbo ilé lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́.

Ẹ gbé ráútà sókè, bí orí kọ́bọ́ọ̀dù, kó má wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kó má wà nínú àpótí irin.

Iná ńkọ́? Tí kúráǹ bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ra onduleur (àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná nígbà tí kúráǹ bá lọ), ráútà àti switch ò jẹ iná púpọ̀, kékeré ẹ̀ lè gbé wọn fún wákàtí bíi mélòó kan. Àwọn kékeré kan tún wà tó jẹ́ ti ráútà nìkan, wọ́n ń fún un ní 12 V tààrà, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ráútà yín kẹ́ ẹ tó ki í bọ̀ ọ́, torí 9 V wà, 5 V náà sì wà, èyí tó bá pọ̀ jù á jó o. Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sórí multiprise (ẹnu iná olójú púpọ̀) tó ní parafoudre (ohun tó ń dènà iná ààrá). Tí ààrá bá ti ń sán, ẹ yọ ọ́ nínú iná, kẹ́ ẹ yọ kébù tó ń bọ̀ láti ìta pẹ̀lú, parafoudre nìkan ò tó.

Tó bá kan dídán an wò, ẹ tẹ̀lé e láti ibi tó ti ń wọlé. Ẹ fi kébù so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, ẹ wo bó ṣe ń yára sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ wò ó lórí kébù ibẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wò ó lórí wáìfáì ibẹ̀. Ibi tí nọ́ńbà ti já lulẹ̀ ni àìsàn wà. Tí ti ráútà gan-an bá kéré sí ohun tẹ́ ẹ sanwó fún, ìgbà yẹn lẹ wá lẹ́nu láti pe àwọn tó tà á, ẹ sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ rántí pé megabit ni wọ́n ń tà, megabyte ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi hàn nígbà tó bá ń gba fáìlì, megabit 8 ló wà nínú megabyte kan, nítorí náà 40 tẹ́ ẹ rà á máa hàn bíi 5, kò sẹ́ni tó jí nǹkan yín. Tí kọ̀ǹpútà bá ní 100 ni kébù ń gbé dípò 1000, ó ṣeé ṣe kí okùn kan ti já tàbí kó má kan bàbà dáadáa, torí 100 ń fi okùn mẹ́rin ṣiṣẹ́, 1000 ń fẹ́ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ gé orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ òmíràn. Tí àdírẹ́ẹ̀sì tí kọ̀ǹpútà gbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò rí ẹni fún un ní nọ́ńbà nìyẹn, ẹ wo kébù, ẹ wo DHCP.

Bébà tẹ́ ẹ fi ya ilé níbẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ ya ibi tí kébù gbà sí i, ẹ fi nọ́ńbà sórí kébù kọ̀ọ̀kan lórí méjèèjì, ẹ lẹ bébà náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo padà sí Kétu, ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé yàrá ẹ̀yìn ti kú, mo ní kó wo bébà, ó ní nọ́ńbà 3 ni, ó lọ sí switch, nọ́ńbà 3 ti yọ síta díẹ̀ torí wọ́n gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó tì í padà, a ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ọmọ fi ń pariwo látinú yàrá pé ó ti dé.